Báàgì Àgbékọ́yìn fún Ìrìn Àjò: Ohun Tí Ẹ Máa Ń Bi Mí

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rìnrìn àjò láti Èkó dé Lomé, báàgì tí mo fi ń kó ìwé lọ sí yunifásítì ni mo kó ẹrù sí. Ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, níbi tí a ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a ń fẹsẹ̀ rìn lọ gba òǹtẹ̀ sínú páàsìpọ́ọ̀tù, okùn báàgì náà ti jẹ mí léjìká débi pé mo ń fi àtàǹpàkò méjèèjì gbé e sókè. Ìyá kan tó pọn ọmọ, tó tún ru agbọ̀n lérí, wò mí títí, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ẹrù ẹ ń já bọ́ lẹ́yìn ẹ. O ò mà di ọ̀já fún un.” Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ìyá yẹn kò ṣe yẹ̀yẹ́ rárá.

Mi ò ta báàgì o, mi ò sì gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Mo kàn ti gbé oríṣiríṣi rẹ̀ wọ dáńfó, ọ̀kàdà, rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn àti ọkọ̀ òfurufú, mo sì ti gbé e gun òkè Ìdànrè. Ohun tí ẹ bá kà níhìn-ín, ẹ̀yìn mi ló kọ́ mi.

Kí ló dé tí báàgì kan á tu èèyàn lára, tí òmíràn tó tóbi bákan náà á máa pa èèyàn lójú ọ̀nà?

Ibi tí ẹrù jókòó sí ni. Ẹ wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń pọnmọ. Ìyá á bẹ̀rẹ̀, á gbé ọmọ lé ẹ̀yìn, á fi ìró bò ó, á wá fi ọ̀já gbá a lábẹ́ ìdí, á sì so ó mọ́ra gírígírí. Kò sí okùn kankan lórí èjìká ìyá náà. Ọmọ tó tó kílò mẹ́wàá lè wà lẹ́yìn rẹ̀ láti àárọ̀ títí ọjà á fi tú, ìyá á máa ná ọjà, á máa ka owó, á máa bá aládùúgbò rẹ̀ jà tó bá yá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀já bá tú díẹ̀, tí ọmọ sọ̀ sílẹ̀, ẹ ó rí i pé kíá ni ìyá á dúró, á tún un dì. Ó mọ̀ pé ọmọ tó sọ̀ sílẹ̀ ń wúwo ju ara rẹ̀ lọ.

Báàgì tó dára ní ọ̀já tirẹ̀: bẹ́líìtì tó nípọn nísàlẹ̀, tó ń gbá eegun ìbàdí mú lọ́tùn-ún lósì. Bí ẹ bá so ó bó ṣe yẹ, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà, bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún pàápàá, orí ìbàdí ló máa jókòó sí. Okùn èjìká kàn ń mú báàgì mọ́ ara kó má fà yín sẹ́yìn ni. Ìbàdí jókòó lé itan, eegun tó tóbi jù lọ nínú ara. Èjìká ńkọ́? Iṣan ló fi rọ̀ mọ́ ọrùn. Ẹ̀yin náà ẹ wo èyí tí ẹ ó gbé ẹrù kọ́.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: bẹ́líìtì nìkan kò tó. Báàgì gbọ́dọ̀ ní egungun nínú, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tàbí pátákó rọ́bà líle tó dúró gbọin láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹrù lè rí nǹkan gbà sọ̀ kalẹ̀ sórí ìbàdí. Báàgì tí kò ní i á kàn ká kò lé ara rẹ̀ bí àpò gàrí. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rán mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ báàgì ilé-ìwé, ìyẹn kì í gbé ẹrù, kò kàn ní jẹ́ kí báàgì máa fì ni.

Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dick Kelty bẹ̀rẹ̀ sí í ta báàgì tó ní egungun alumíníọ̀mù ní 1952, ó sì wà lára àwọn tó jẹ́ kí bẹ́líìtì ìbàdí di ohun tí ará ìlú lásán lè rí rà. Ọ̀já ti wà nílé wa tipẹ́ kó tó dìgbà náà.

Mo ga gan-an. Ṣé báàgì gígùn ni kí n wá?

Gíga yín kọ́ ló ni í ṣe, gígùn ẹ̀yìn yín ni. Wọ́n máa ń pè mí ní ọ̀pá àgbọn nílé, síbẹ̀ ẹ̀yìn mi kò ju 46 sẹ̀ǹtímítà lọ. Àbúrò mi tí orí rẹ̀ kò kọjá etí mi, 47 ni tirẹ̀. Ẹsẹ̀ ni gbogbo gíga mi wà.

Ẹ ní kí ẹnì kan bá yín fi téèpù aránṣọ wọ̀n ọ́n. Ẹ tẹrí ba. Eegun kan á yọ níbi tí ẹ̀yìn ọrùn ti pàdé èjìká. Òkè nìyẹn. Ẹ wá fọwọ́ lé ìbàdí bí ìgbà tí ẹ fẹ́ bá ọmọ wí, kí àtàǹpàkò méjèèjì kọjú síra wọn lẹ́yìn, kí ẹ sì rí i pé orí eegun ìbàdí gan-an lọwọ́ wà, kì í ṣe inú ẹran ikùn. Ibi tí àtàǹpàkò méjèèjì bá tọ́ka sí lórí ọ̀pá ẹ̀yìn ni ìsàlẹ̀. Ẹ wọn òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń bọ́ sáàárín 40 sí 53 sẹ̀ǹtímítà.

Àwọn iléeṣẹ́ máa ń kọ S, M tàbí L sára báàgì, ṣùgbọ́n M ti iléeṣẹ́ kan lè jẹ́ L ti òmíràn, nítorí náà nọ́ńbà sẹ̀ǹtímítà ni kí ẹ bi wọ́n. Àwọn báàgì kan wà tí okùn èjìká wọn ṣeé tì sókè sódò lẹ́yìn. Irú wọn ló dára fún ilé tí tọkọtaya ti ń gbé báàgì kan náà.

Bí ẹ bá ti ra èyí tí kò bá yín mu ńkọ́? Bí ó bá gùn jù, bẹ́líìtì á sọ̀ sí ìdí, á sì máa dènà ẹsẹ̀ yín. Bí ó bá kúrú jù, ikùn ni bẹ́líìtì á máa fún, oúnjẹ ò sì ní dà.

Lítà mélòó ló tó mi?

Lítà ni wọ́n fi ń ka àyè inú báàgì. Fún ọjọ́ kan sí méjì, 20 sí 28 tó. Láti ọjọ́ mẹ́ta lọ sókè, títí dé oṣù kan pàápàá fún ẹni tí kì í ṣọ̀lẹ aṣọ fífọ̀, 35 sí 45 ni. Èyí tó bá kọjá 60, ti ẹni tó ń gbé àgọ́ àti ìkòkò lọ sùn nínú igbó ni.

Báàgì ńlá kì í ṣófo, mo ti dán an wò. Bí àyè bá ṣẹ́ kù, ẹ ó wá bàtà kẹta sí i, ẹ ó wá ìwé tí ẹ ò ní ṣí, àwọn ará ilé á sì ti gbọ́ pé ẹ ń lọ: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ẹ̀lùbọ́ yìí fún bọ̀dá yín ní Cotonou.” Báàgì 40 lítà ló máa bá yín bẹ̀ wọ́n tí kò fi ní dìjà.

Ẹni tó ń lọ òde ìnáwó ńkọ́? Bùbá, ṣòkòtò àti agbádá ṣeé ká róbótó bí ẹní, wọn á sì wọ inú rẹ̀ láìrún púpọ̀. Gèlè aṣọ òkè ni kò gba ìnilára. Ẹ gbé ìyẹn lọ́wọ́.

Kílò mélòó ni kí n má kọjá?

Bí ẹ bá máa fẹsẹ̀ rìn jìnnà, ẹ má jẹ́ kí ẹrù kọjá ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara yín. Ẹni tó bá wọn 70 kílò, 14 ni òpin rẹ̀. Fún ìrìn àjò ọkọ̀ àti pápákọ̀ òfurufú, èmi kì í jẹ́ kí tèmi ju mẹ́sàn-án lọ. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n nílé, ẹ gùn ún lọ́wọ́ òfìfo, ẹ tún gbé báàgì kọ́yìn kí ẹ gùn ún, ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì.

Ẹ rántí pé báàgì fúnra rẹ̀ ń wúwo. Báàgì 40 lítà tó ní egungun àti bẹ́líìtì gidi sábà máa ń wọn kílò kan sí méjì kí ẹ tó ki aṣọ kan bọ̀ ọ́.

Ọwọ́ mi máa ń kú, ìka mi á máa ta mí jìnjìn, tí mo bá ti gbé báàgì fún wákàtí kan. Ṣé àárẹ̀ lásán ni?

Kì í ṣe àárẹ̀. Àwọn iṣan tó ń mú kí ọwọ́ mọ nǹkan lára gba iwájú èjìká àti abíyá kọjá, okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí tó fún jù ló ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ sọ báàgì kalẹ̀ kíá. Lẹ́yìn náà ẹ tú okùn èjìká díẹ̀, kí ẹ sì so bẹ́líìtì ìbàdí kó le sí i, kí ẹrù kúrò lókè. Bí ọwọ́ bá ṣì kú ní ọjọ́ kejì, tàbí tí apá ò lókun láti gbé nǹkan, ẹ lọ rí dókítà, ẹ má fi àdí àgbọn pa á kí ẹ sì máa retí pé á lọ.

Okùn tó wà lára rẹ̀ ti pọ̀ jù. Èwo ni mo máa kọ́kọ́ so?

Ìsàlẹ̀ ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí ẹ ń pọnmọ. Ẹ tú gbogbo okùn sílẹ̀ kí ẹ tó gbé báàgì kọ́yìn. Ẹ gbé èjìká sókè díẹ̀, ẹ so bẹ́líìtì kí àárín rẹ̀ bọ́ sórí eegun ìbàdí gan-an, ẹ fà á kó le. Ìgbà náà ni ẹ máa wá fa okùn èjìká títí tó fi fara mọ́ yín láìtẹ èjìká mọ́lẹ̀. Tó bá ṣeé ṣe kí ẹ ki ìka kan bọ àárín okùn àti orí èjìká láìfipá, ó dára.

Bí báàgì yín bá ní okùn kéékèèké méjì tó ti orí okùn èjìká lọ sí òkè báàgì, àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n ń fa orí ẹrù wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ fà wọ́n tí wọ́n á fi dagun díẹ̀, ní nǹkan bí ìdajì ọ̀nà láàárín ìdúró àti ìdùbúlẹ̀. Okùn àyà ló kẹ́yìn. Ẹ má fà á bí ẹni fẹ́ pa ara rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí okùn èjìká má yọ̀ bọ́ sí apá.

Lójú ọ̀nà, ẹ máa yí i padà. Bí ìbàdí bá ń ro yín, ẹ tú bẹ́líìtì díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí èjìká gbà á, lẹ́yìn náà ẹ dá a padà.

Níbo ni kí n kó ohun tó wúwo sí?

Kó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn yín, láàárín méjì báàgì. Láptọ́ọ̀pù, ìwé, ike omi, ibẹ̀ ni àyè wọn. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ẹ ó kó sí ìsàlẹ̀ pátápátá àti sí ẹ̀yìn tó jìnnà sí ara. Ẹni tó bá kó bàtà àti ike omi sí àpò ìta lẹ́yìn, á rò pé ẹnì kan ń fà á látẹ̀yìn ni.

Òòrùn wa yìí ńkọ́? Ẹ̀yìn mi máa ń rin ṣìnkìn.

Àwọn báàgì kan wà tí wọ́n ta àwọ̀n sí ẹ̀yìn wọn, tí àlàfo wà láàárín àwọ̀n àti ara báàgì kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Iléeṣẹ́ Deuter ti Jámánì ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 1984. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àlàfo yẹn ń ti ẹrù jìnnà sí ẹ̀yìn yín, ó sì ń jẹ àyè inú báàgì, láptọ́ọ̀pù kì í sì í fẹ́ wọ inú àwọn tó tẹ̀ kọdọrọ. Fún gígun òkè Olúmọ lọ́sàn-án gangan, mo fara mọ́ ọn. Fún ọkọ̀ àti pápákọ̀ òfurufú, fóòmù tí wọ́n la ojú ọ̀nà atẹ́gùn sí láàárín tó mi. Nínú dáńfó tí èèyàn mẹ́rin jókòó lórí àga ẹni mẹ́ta, kò sí báàgì tí kò ní jẹ́ kí ẹ làágùn.

Tuntun ni kí n rà, àbí òkìrìkà?

Òkìrìkà ni mo máa sọ, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò. Báàgì gidi tí ẹnì kan lò lẹ́ẹ̀mẹta ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó wá dé ọjà Kàtángúà ní Èkó nínú bélì, á pẹ́ ju tuntun tí wọ́n kọ orúkọ ńlá sí láyà, tí okùn rẹ̀ á já ní ọ̀sẹ̀ kejì. Èyí tó já mọ́ mi lọ́wọ́ ní gáréèjì, tuntun ni, ó ṣì ń rùn bí rọ́bà.

Ẹ dé ọjà ní kùtùkùtù ọjọ́ tí wọ́n bá tú bélì. Ẹ má wo àwọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọlọ́jà mọ̀ pé ó wù yín. Ẹ ki orí bọ inú báàgì náà, mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ọ̀pọ̀ báàgì ni wọ́n fi nǹkan bí ọ̀dà rọ́bà kun nínú kí omi má wọlé. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń jẹ ọ̀dà yìí. Bí ó bá ti ń bàjẹ́, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí gọ́ọ̀mù tí kò gbẹ, á máa ṣí bí awọ ejò tó ń bó, á sì ní òórùn kíkan kan bí èébì ọmọdé. Kò sí ọṣẹ tó ń wo ìyẹn. Ẹ dá a padà sórí òkìtì, bó ti wù kí ìta rẹ̀ máa dán tó.

Ẹ wo ìdí okùn èjìká, ní òkè àti nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti rán an mọ́ ara báàgì. Ibẹ̀ ni báàgì ti máa ń kú. Ó yẹ kí ẹ rí ìránṣọ tó ṣe àgbélébùú nínú àpótí, tàbí ìlà òwú mẹ́ta mẹ́rin tó ṣù mọ́ra. Bí ìlà kan ṣoṣo bá lẹ rí, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ aránbàtà kó fi òwú rẹ̀ tó nípọn gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún báàgì mẹ́ta, wọ́n ṣì wà láyé.

Ẹ ṣí síìpù, ẹ pa á dé, pẹ̀lú ọwọ́ kan, kí ẹ sì mú un yípo igun. Síìpù tó bá há sí igun lónìí, ojú ọ̀nà ni á ti ya ẹnu sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ síìpù tó dára ní YKK lára, orúkọ iléeṣẹ́ kan ní Japan tó ti wà láti 1934, àmọ́ àwọn ayédèrú náà mọ̀ ọ́n kọ, nítorí náà ọwọ́ yín ni kí ẹ gbà gbọ́. Ìkọ́ oníke tí wọ́n fi ń de bẹ́líìtì, ẹ tì í títí tó fi dún “ká!”, ẹ wá fà á tagbára tagbára. Tó bá ti sán, ó ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fìyẹn dín owó.

Fóòmù èjìká: ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Tó bá wọlé tí kò padà wá, ó ti kú. Tó bá rọ̀ bí búrẹ́dì, kò ní pẹ́ kú. Èyí tó le díẹ̀, tó ń ti ọwọ́ yín padà, òun ni.

Kí ẹ tó lò ó, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi àti ọṣẹ. Ẹ yẹ gbogbo àpò rẹ̀ wò pẹ̀lú. Mo ti bá owó ẹyọ Yúróòpù méjì nínú ọ̀kan rí.

Wọ́n kọ 420D tàbí 1680D sára rẹ̀. Kí nìyẹn?

Bí òwú aṣọ náà ṣe nípọn tó ni. D náà dúró fún denier: iye gíráàmù tí òwú náà máa wọn tí wọ́n bá na án dé 9,000 mítà. Òwú 420D tó gùn tó kìlómítà mẹ́sàn-án á wọn 420 gíráàmù. Nọ́ńbà ńlá kì í fìgbà gbogbo túmọ̀ sí báàgì tó le, nítorí náílọ́ọ̀nù sábà máa ń lágbára ju pọ́lísítà tó nípọn bíi tirẹ̀ lọ. Pọ́lísítà sì máa ń fara da oòrùn jù ú. Láti 400 lọ sókè tó fún ìrìn àjò wa.

Ṣé ó máa wọ inú ọkọ̀ òfurufú, àbí wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi?

Ìwọ̀n ni wọ́n ń wò, lítà kò kàn wọ́n. Báàgì tó gùn ní 55 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 35, tó nípọn ní 20, lítà 38 àti ààbọ̀ ni àyè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń sọ pé 40 ni òpin. British Airways gba èyí tó tó 56 × 45 × 25. EasyJet ní tirẹ̀, 45 × 36 × 20 ni èyí tí ẹ lè gbé wọlé láìsan owó kún un, kò sì sí bí 40 lítà tó kún ṣe máa wọ inú ìyẹn. Lọ́pọ̀ ọkọ̀ òfurufú abẹ́lé Nàìjíríà, kílò méje ni wọ́n fàyè gbà lọ́wọ́. Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì yín kí ẹ tó kúrò nílé, torí wọ́n máa ń yí i padà.

Ohun kan wà tí mi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú: power bank. Ọwọ́ ni kí ó wà, kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù tí wọ́n ń kó sábẹ́ ọkọ̀. Èyí tí kò bá kọjá 100 Wh (ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà sínú) ni wọ́n ń gbà láìbéèrè. Èyí tí wọ́n kọ 20,000 mAh sí jẹ́ nǹkan bí 74 Wh, kò séwu. Ibi tí wàhálà wà ni pé, bí ọkọ̀ bá kún, wọ́n lè gba báàgì yín lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n gbé e sísàlẹ̀. Nítorí náà ẹ kó power bank, páàsìpọ́ọ̀tù àti oògùn yín sínú àpò kékeré kan tí ẹ lè fà yọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣé báàgì àwọn obìnrin yàtọ̀ lóòótọ́, àbí kí wọ́n lè kùn ún ní pinki ni?

Ó yàtọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó mọṣẹ́. Okùn èjìká rẹ̀ á tẹ̀ bí S kó lè gba ẹ̀gbẹ́ ọyàn kọjá, ẹ̀yìn rẹ̀ á kúrú, bẹ́líìtì rẹ̀ á sì dagun láti bá ìbàdí tó gbòòrò mu. Ọkùnrin tí ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú lè lò ó. Obìnrin gíga náà lè lo ti ọkùnrin. Ẹ gbé e wọ̀ kí ẹ wò ó, ẹ fi tàwọ̀ sílẹ̀.

Báwo ni kí n ṣe gbé e lórí ọ̀kàdà?

Kẹ́ ẹ má gbé e rárá ló dára jù. Ẹ ní kí ọlọ́kàdà gbé e síwájú ara rẹ̀ lórí táǹkì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, bí kò bá ní dí ọwọ́ rẹ̀ lórí ìtọ́kọ̀. Bí kò bá gbà, ẹ tú okùn èjìká títí ìdí báàgì á fi jókòó lórí àga lẹ́yìn yín, kí àga gbé ẹrù, kó má jẹ́ ẹ̀yin. Báàgì tó wúwo tó sì ga lẹ́yìn á fà yín sẹ́yìn gẹ́rẹ́ tí ọ̀kàdà bá já.

Kí ẹ tó gùn ún, ẹ ká gbogbo ìdí okùn tó ń fì, ẹ ki wọ́n bọ inú. Okùn bẹ́líìtì tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lè wọ ṣéènì tàbí táyà. Ẹ má fojú kéré èyí.

Àwọn afọwọ́rá ńkọ́?

Ní Ọ̀ṣòdì, ní gáréèjì Jìbówú, nínú ọjà Dantokpa ní Cotonou, ẹ gbé báàgì kọ́ àyà bí ẹni gbọ́mọ síwájú. Àpò ìta kì í ṣe ti fóònù, ike omi ni kó wà níbẹ̀. Àgádágodo kékeré tí wọ́n ń fi sí síìpù máa ń dá ọwọ́ ọmọ tó ń kọjá lọ dúró. Ẹni tó mú bíírò wá kò bìkítà, yóò fi ẹnu bíírò náà la síìpù. Owó àti páàsìpọ́ọ̀tù, ara yín ni àyè wọn, lábẹ́ aṣọ.

Òjò?

Wọ́n lè kọ ọ́ sára rẹ̀ pé omi kì í wọ̀ ọ́. Ojú ìránṣọ àti síìpù ni òjò máa gbà. Ẹ ra náílọ́ọ̀nù dúdú ńlá tí wọ́n fi ń kó ilẹ̀, èyí tó nípọn, ẹ tẹ́ ẹ sínú báàgì kí ẹ tó kó aṣọ sí i, kí ẹ sì lọ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ó sàn ju aṣọ ìbòrí tí atẹ́gùn máa ń ká lọ.

Kí ló dé tí ẹ ò kàn lo báàgì onítáyà?

Mo ní ọ̀kan. Níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn tẹ́lẹ̀, òun ni kí ẹ lò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wọ́ ọ gba inú ẹrọ̀fọ̀ gáréèjì lẹ́yìn òjò lẹ́ẹ̀kan péré, tàbí kí ẹ kojú àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè tó lé ní 600.

Báwo ni kí n ṣe tọ́jú rẹ̀ kó pẹ́?

Ẹ má kó o sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Búrọ́ọ̀ṣì, ọṣẹ díẹ̀, omi tútù, kí ẹ sá a sínú ìbòòji pẹ̀lú gbogbo síìpù ní ṣíṣí. Ọ̀tá rẹ̀ ni búùtù ọkọ̀ nínú oòrùn àti orí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí atẹ́gùn kò sí. Ibẹ̀ ni ọ̀dà inú rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹ gbé e kọ́ ògiri.

Ọlọ́jà kò ní jẹ́ kí n gbé e rìn káàkiri. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó bá mi mu?

Ẹ bẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi ohun kan sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbígbé báàgì òfìfo kọ́yìn kò sọ ohunkóhun fún èèyàn, gbogbo báàgì ló ń tuni lára nígbà tó bá ṣófo. Tèmi rèé: mo máa ń ra odindi àpò pure water kan lọ́wọ́ ọmọ tó wà nítòsí. Ogún ni, ìdajì lítà lọ́kọ̀ọ̀kan, kílò mẹ́wàá géérégé. Mo máa ń kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì, kí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn mi, mo máa so bẹ́líìtì, mo máa fa okùn, mo wá máa rìn láàárín ìsọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Mo máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń mú owó tó jábọ́. Mo máa gun àtẹ̀gùn bí ó bá wà. Mo máa yíjú wẹ̀yìn lójijì, láti wò ó bóyá báàgì á bá mi yí tàbí á pẹ́ lẹ́yìn mi.

Bí èjìká bá ti ń ro mí kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, mo dá a padà. Bí mo bá gbàgbé pé mo gbé nǹkan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Àwọn ọlọ́jà tó ti ń pè mí ní wèrè máa ń wá bá mi mu nínú omi náà.